Olówó, Ẹ̀rọ àti Ọmọ-iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìtàn Ìwé-Títẹ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà

Àwọn àgbà a máa wí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ní ayé àtijọ́, bí a bá fẹ́ mọ bí ọrọ̀ ọkùnrin kan ti tó, ènìyàn ni a kọ́kọ́ ń kà lọ́dọ̀ rẹ̀: aya, ọmọ, ará ilé, àlejò tí ó sá di í, àti ìwọ̀fà tí ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dípò èlé owó tí ó yá. Ẹni tí ó ní owó ẹyọ nínú ìkòkò ṣùgbọ́n tí kò ní ènìyàn nínú agbo ilé kò tíì di ọlọ́lá.

Lóde òní, ẹgbẹ́ olówó kan wà tí ìṣirò tiwọn yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Àwọn ni olùdókòwò tí ń fi owó sínú ilé-iṣẹ́ tuntun, pàápàá ilé-iṣẹ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ṣòwò. Lójú wọn, ilé-iṣẹ́ tí ó yẹ kí a náwó lé lórí ni èyí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kéré tí owó tí ń wọlé fún un sì pọ̀. Láti ìparí ọdún 2022, tí ọgbọ́n àtọwọ́dá tí gbogbo ayé ń pè ní AI ti bọ́ sí ọwọ́ tọmọdé tàgbà, ìṣirò yìí ti le sí i. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ọ̀dọ́ tí ó bá wá tọrọ owó lọ́wọ́ wọn ni pé: kí ni ìdí tí o fi fẹ́ gba òṣìṣẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ lè ṣe iṣẹ́ náà?

Ète àròkọ yìí ni láti fi ìtàn díwọ̀n ìṣirò náà. Ibi tí a óò dúró sí láti wò ó ni Ṣómólú àti Bàrígà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ tí a mọ àdúgbò náà mọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ tuntun ti dé bá lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí ó sì ń yí padà nígbà kọ̀ọ̀kan láìparun. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe sí ọwọ́ ènìyàn, àti ohun tí olówó ń rí àti èyí tí kò rí, yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

I. Àdúgbò àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Ṣómólú àti Bàrígà kò sí ní erékùṣù Èkó. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n wà. Títì Ìkòròdú wà ní ìwọ̀-oòrùn Ṣómólú, Yábàá wà ní gúúsù rẹ̀, Bàrígà sì wà níhà ìlà-oòrùn títí dé etí ọ̀sà. Lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì wà kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ya Bàrígà sọ́tọ̀ ní 2003 gẹ́gẹ́ bí agbègbè ìdàgbàsókè. Ilé-ẹ̀kọ́ yí àdúgbò náà ká. CMS Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, kó wá sí Bàrígà ní 1959. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́-ọwọ́ ti Yábàá ti wà láti 1947, Yunifásítì Èkó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Akọkà lẹ́bàá Bàrígà. Ibi tí ìwé kíkà bá ti pọ̀ báyìí, kò yani lẹ́nu bí ìwé títẹ̀ bá dé ibẹ̀.

Kí ọ̀rúndún ogún tó parí, Ṣómólú ti di ibi tí gbogbo Èkó mọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ní òpópónà bíi Bajùláyé àti Ṣìpẹ̀olú, àti ní àwọn àdúgbò kéékèèké tí ó yí wọn ká, ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ènìyàn ń gbọ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ láti wá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá kan tí ó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ yóò rìn títí kí ó tó rí i. Ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ni ó kún ibẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta.

Ètò iṣẹ́ náà yẹ ní àlàyé dáadáa. Bí oníbàárà kan bá gbé iṣẹ́ wá, bóyá ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà tàbí àwòrán olóṣèlú tí a ó lẹ̀ mọ́ ògiri, kì í ṣe ojú kan ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀ tí ó sì ń parí. Ẹni àkọ́kọ́ ni ayàwòrán tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí yóò to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sójú ewé. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ yóò ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ṣe pléètì, irin pẹlẹbẹ tí a ń so mọ́ ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn ni ó ń ta bébà ní rímù-rímù. Ẹlòmíràn ni ó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ Heidelberg tí wọ́n ti lò rí nílẹ̀ òkèèrè, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Kord tàbí GTO. Lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tí ń fi ọ̀rá bo ojú rẹ̀ kí ó lè máa dán, ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ká a, ọ̀dọ̀ ẹni tí ń rán an tàbí tí ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gé etí rẹ̀ kí ó lè dọ́gba. Alábàárù ni ó ń gbé e láti ojúlé kan dé òmíràn.

Ẹnì kan tún wà láàárín wọn tí kò ní ẹ̀rọ rárá. Òun ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ oníbàárà. Ohun-ìní rẹ̀ ni pé ó mọ ènìyàn: ó mọ ayàwòrán tí ojú rẹ̀ mọ́, ó mọ ẹ̀rọ tí kì í da íǹkì sójú ìwé, ó mọ ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í kú láàárín òru nígbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí kò mọ àdúgbò yóò pè é ní alágbàtà lásán, ṣùgbọ́n òun ni okùn tí ó so ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀.

Bí a bá fi ojú olùdókòwò wo ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí, kò sí èyí tí ó jọ ohun tí yóò di ńlá. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àdúgbò lódindi gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, a ó rí i pé ó mọ bí a ti ń fi ohun díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ẹ̀rọ olówó iyebíye kì í pẹ́ láìríṣẹ́, nítorí àwọn tí kò ní ẹ̀rọ ni ń gbé iṣẹ́ wá fún un. Owó tí ẹnì kan ìbá fi ra ẹ̀rọ mẹ́fà, ó fi ra ọ̀kan, ó sì ń sanwó lo márùn-ún yòókù lọ́dọ̀ aládùúgbò. Àǹfààní náà kò sí nínú ìwé ìṣirò ẹnì kan. Inú àdúgbò ni ó wà.

Ohun kan náà ni a lè sọ nípa ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò máa gbálẹ̀, yóò máa ka bébà, yóò máa fọ íǹkì kúrò lára rólà. Lẹ́yìn èyí ni yóò mọ bí a ti ń fi bébà bọ́ ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà bí a ti ń po àwọ̀, títí di ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ yóò gbàdúrà fún un níwájú àwọn ẹbí, èyí tí wọ́n ń pè ní fíríìdọ̀mù. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe kéré, àṣìṣe rẹ̀ sì ń ba bébà jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín ìnáwó kù yóò sọ pé kí a lé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé láti inú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀gá tí ó wà ní Ṣómólú ti jáde.

II. Olówó àti Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé ní Àtètèkọ́ṣe

Àjọṣe olówó àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti wà láti ọjọ́ tí a ti dá ẹ̀rọ náà ní Yúróòpù. Ní ìlú Mainz ní ilẹ̀ Jámánì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Johannes Gutenberg ní ọgbọ́n iṣẹ́ lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kò ní owó. Ní 1450, ó yá 800 owó wúrà lọ́wọ́ olówó kan tí ń jẹ́ Johann Fust. Láìpẹ́ Fust tún fi 800 mìíràn sí i, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí alábàáṣe nínú òwò ìwé náà. Iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n èrè kò tètè dé. Ní 1455, nígbà tí Bíbélì ńlá tí a fi mọ Gutenberg títí di òní parí tàbí tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, Fust pè é lẹ́jọ́ fún owó àti èlé rẹ̀, ó sì borí. Bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò iṣẹ́ ṣe bọ́ sọ́wọ́ olówó.

Ibi tí àwọn òpìtàn sábà máa ń dá ìtàn náà dúró sí nìyẹn, bí ẹni pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju pé olówó a máa rorò. Ṣùgbọ́n apá kejì rẹ̀ ni ó kan ọ̀rọ̀ wa. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni Fust mú lọ. Ó mú Peter Schoeffer pẹ̀lú, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Gutenberg tí ó sì ti mọ iṣẹ́ náà dé gbòǹgbò. Ní 1457, orúkọ àwọn méjèèjì, Fust àti Schoeffer, ni ó wà nínú Ìwé Sáàmù tí wọ́n tẹ̀ jáde, ìwé àkọ́kọ́ ní Yúróòpù tí a tẹ orúkọ àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà Schoeffer fẹ́ ọmọbìnrin Fust. Olówó ayé ìgbà náà mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ tí kò ní ọwọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ kò yàtọ̀ sí igi àti irin lásán. Ó lè jẹ́ kí ẹni tí ó dá ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ. Kò jẹ́ kí ọmọ-iṣẹ́ lọ.

Ó tó ọdún 350 lẹ́yìn èyí kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé gan-an. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá, 1814, ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù jáde láti inú ẹ̀rọ tí ooru omi gbígbóná ń yí. Friedrich Koenig, ará Jámánì, ni ó ṣe é. Ẹ̀rọ àfọwọ́tẹ̀ àtijọ́ kì í ju nǹkan bí 250 ìwé ní wákàtí kan. Èyí ń tẹ nǹkan bí 1,100. John Walter tí ó ni ìwé ìròyìn náà fi ẹ̀rọ pamọ́ títí di òru tí ó lò ó, nítorí ó bẹ̀rù pé àwọn òṣìṣẹ́ yóò fọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọ fún wọn pé bí wọn kò bá dá ìjà sílẹ̀, òun yóò máa san owó wọn títí wọn yóò fi rí iṣẹ́ mìíràn. Kò sí ẹni tí yóò pe Walter ní ọ̀rẹ́ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹni tí ẹ̀rọ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ kan lọ́rùn ẹni tí ó ra ẹ̀rọ náà. Ìtàn sì fi hàn pé bí ìwé ìròyìn ti rọjú sí i tí àwọn òǹkàwé sì ń pọ̀ sí i, iṣẹ́ ìtẹ̀wé gba ènìyàn púpọ̀ ju ti àtijọ́ lọ nígbẹ̀yìn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò bá ti èrè wá. Owó ìjọ ni Henry Townsend fi ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti ń tẹ Ìwé Ìròhìn láti 1859, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ti kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, ẹ̀rọ parun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parun. Ní Èkó, Robert Campbell ti bẹ̀rẹ̀ The Anglo-African ní 1863. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ti ń to lẹ́tà òjé sínú àpótí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́. Lẹ́yìn tí ìpàdé tí a ṣe ní Èkó ní 1875 fìdí ọ̀nà ìkọ̀wé Yorùbá múlẹ̀, ẹni tí ń to lẹ́tà ní láti mọ ọ̀pá abẹ́ ọ̀rọ̀ àti àmì orí rẹ̀ bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, nítorí àṣìṣe kékeré lè sọ ọkọ̀ di ọkọ.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ṣómólú wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, sọ ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 1955, àti nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe irú rẹ̀ ní 1976, ìwé di ohun tí gbogbo ilé ń rà. Ẹ̀rọ ọ̀fúsẹ́ẹ̀tì tí ń lo pléètì lé lẹ́tà òjé kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn 1986 tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀, ẹ̀rọ tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn, tòkunbọ̀ ni wọ́n sì ń rà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ẹni tí ń to lẹ́tà pòórá, ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà sì dìde. Ohun kan tí ó wọ́pọ̀ nínú gbogbo ìyípadà yìí ni pé ẹ̀rọ tuntun gba iṣẹ́ kan lọ, ṣùgbọ́n ó fi àkàsọ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tí ó fẹ́ gùn ún. Ọmọ-iṣẹ́ tí kò to lẹ́tà mọ́ ń fọ rólà. Èyí tí kò fọ rólà ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà.

III. Àwọn Olùdókòwò ní Yábàá àti Títì Ìkòròdú

Kò jìnnà sí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni òwò mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2011, CcHUB ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Yábàá fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe nǹkan, àwọn olówó láti òkèèrè sì bẹ̀rẹ̀ sí wá wò wọ́n. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà ra Paystack ní 2020, ní iye tí ó ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ, gbogbo ọ̀dọ́ Èkó mọ̀ pé ohun tuntun ti dé.

Ó yẹ kí a mọ bí àwọn olówó yìí ti ń ronú. Ẹ jẹ́ kí a fi alájọ wé wọn. Alájọ ń gba owó ọlọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń dá a padà ní ìparí oṣù, ó sì ń yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè tirẹ̀. Olùdókòwò pẹ̀lú kò ní gbogbo owó tí ó ń ná; ti àwọn olówó mìíràn ni, ti owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ni, ti yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè ni. Ṣùgbọ́n òun ti ṣèlérí pé ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá owó náà yóò ti di ìlọ́po. Ó sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí òun náwó lé yóò kú. Nítorí náà ó ń wá ọ̀kan tí èrè rẹ̀ yóò dí ihò gbogbo àwọn tí ó kú. Irú èyí kò lè jẹ́ òwò tí ó ní láti gba òṣìṣẹ́ kan kún un nígbàkigbà tí oníbàárà mẹ́wàá bá kún un. Ní 2012, Facebook ra Instagram ní bílíọ̀nù kan dọ́là nígbà tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 13. Ní 2014, ó kéde pé òun yóò ra WhatsApp ní bílíọ̀nù 19 dọ́là. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 55. Àpẹẹrẹ méjì yìí ni wọ́n gbé sójú títí di òní.

Síbẹ̀ ọdún díẹ̀ wà tí owó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ka òṣìṣẹ́ mọ́ àmì ìdàgbàsókè. Ìtàn Andela ṣe àlàyé ìgbà náà àti ìparí rẹ̀. Ní 2014 ni a dá a sílẹ̀. Ètò rẹ̀ sún mọ́ ti Ṣómólú ju bí a ti lè rò lọ: ó ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ olóye, ó ń san owó fún wọn bí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń bá ilé-iṣẹ́ òkèèrè ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Títì Ìkòròdú fún ìgbà kan. Ní oṣù kẹfà 2016, àjọ tí Mark Zuckerberg àti ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀ ṣáájú àwọn tí ó fi 24 mílíọ̀nù dọ́là sínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, Zuckerberg fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn ní Yábàá. Ní oṣù kìíní 2019, 100 mílíọ̀nù dọ́là mìíràn dé. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Andela kéde pé nǹkan bí 400 nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, Ùgáńdà àti Kẹ́ńyà yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àlàyé tí ó ṣe ni pé àwọn tí iṣẹ́ ti mọ́ lára ni àwọn oníbàárà ń bèèrè. Ọjà kò gba àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ní 2021, àwọn olùdókòwò tún fi 200 mílíọ̀nù dọ́là sí i, wọ́n sì dá iye rẹ̀ lé bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀.

Kí AI tó dé sọ́wọ́ gbogbo ènìyàn ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà kò tọ́ láti di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Ìṣirò náà ti wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ wá bá a ni. Nígbà tí èlé owó gòkè ní Amẹ́ríkà láti 2022, owó ọ̀fẹ́ tán. Zuckerberg tí ó ti rìn ní Yábàá sọ ọdún 2023 di ọdún tí Facebook yóò fi ohun díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀, lẹ́yìn tí ó ti dá òṣìṣẹ́ 11,000 dúró ní oṣù kọkànlá 2022. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, owó tí ń wọ ilé-iṣẹ́ tuntun lọ sílẹ̀ ní 2023.

IV. Ìṣirò Tuntun

Ní oṣù kẹta 2025, Garry Tan, olórí Y Combinator tí ó ti náwó lé Paystack àti Flutterwave ní àárọ̀ wọn, sọ pé ní ìdámẹ́rin àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ wọn nígbà náà, AI ni ó kọ nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún àṣẹ kọ̀ǹpútà wọn. Ó fi èyí yangàn: ènìyàn tí kò pé mẹ́wàá lè ṣe ohun tí 50 tàbí 100 ń ṣe. Sam Altman, olórí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ChatGPT, sọ ní 2024 pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ń ta ayò lórí ọdún tí ilé-iṣẹ́ oníbílíọ̀nù dọ́là tí ènìyàn kan ṣoṣo ń dá ṣe yóò yọjú.

Ìṣirò yìí kì í fìgbà gbogbo jáde bí wọ́n ti rò. Klarna, ilé-iṣẹ́ owó ti ilẹ̀ Swídìn, kéde ní 2024 pé AI òun ń ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́ 700 tí ń dá oníbàárà lóhùn. Ní 2025, olórí rẹ̀ gbà pé bí àwọn ti ń lépa ìdínkù ìnáwó ti ba iṣẹ́ jẹ́, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí gba ènìyàn.

Ohun tí ó pọ̀ jù nínú ìṣirò náà ni pé ilẹ̀ kan ṣoṣo ni a ti ṣe é, a sì fẹ́ lò ó níbi gbogbo. Ní 2024, 20 dọ́là ní oṣù ni ẹni tí ó bá fẹ́ lo ChatGPT dáadáa ń san. Ní San Francisco, níbi tí owó tí ó kéré jù lọ fún iṣẹ́ wákàtí kan jẹ́ 18.67 dọ́là láti oṣù keje ọdún náà, iṣẹ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èyí. Ní Nàìjíríà, níbi tí dọ́là kan ti jẹ́ nǹkan bí 1,500 náírà ní ìparí ọdún náà, ó jẹ́ 30,000 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ sì jẹ́ 70,000. Ẹ̀rọ tí ń gba owó wákàtí kan níbẹ̀ ń gba ju ìdá méjì nínú márùn-ún owó oṣù kan níhìn-ín, láìtíì ka epo jẹnẹrétọ̀ àti owó dátà. Níbẹ̀ ọwọ́ ènìyàn wọ́n, ẹ̀rọ kò wọ́n. Ní Bàrígà ó ń bọ́ sí òdìkejì. Olùdókòwò tí ó bá gbé ìṣirò San Francisco wá sí Bàrígà láìyí i padà ti fi òṣùwọ̀n ẹlẹ́lùbọ́ wọn epo.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó fi hàn pé àwọn olùdókòwò fúnra wọn lè rí èyí. Ní oṣù kẹwàá 2024, wọ́n fi 110 mílíọ̀nù dọ́là sínú Moniepoint, iye rẹ̀ sì kọjá bílíọ̀nù kan. Ọgbọ́n ẹ̀rọ wà nínú òwò yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ọ́ di ńlá ni àwọn ènìyàn tí ó jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú ẹ̀rọ POS, tí ń sanwó fún ará àdúgbò tí báǹkì jìnnà sí. Wọn kò sí lára òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ń kà, síbẹ̀ láìsí wọn òwò náà kò lè dé ibi tí ó dé. Gẹ́gẹ́ bí ti Ṣómólú, ọ̀pọ̀ nínú agbára náà wà ní òpópónà.

V. Ohun tí ó Wà Nínú Ewu

Ní Ṣómólú, AI ti ń ṣe àǹfààní. Ó lè yọ ojú ènìyàn kúrò nínú fọ́tò ní ìṣẹ́jú àáyá, ó lè ya àwòrán ẹ̀yìn ìwé kí oníbàárà tó mu omi tán, ó lè tún gẹ̀ẹ́sì ìwé ètò ìsìnkú ṣe. Kò sí ìdí tí ọlọ́gbọ́n fi ní láti kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a ṣàkíyèsí irú iṣẹ́ tí ó jẹ́: iṣẹ́ ọmọ-iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ òjé, ọ̀fúsẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lọ, wọ́n sì fi àkàsọ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Èyí ń gba àkàsọ̀ ìsàlẹ̀ gan-an.

Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ kò ní í pàdánù púpọ̀ lónìí. Ojú rẹ̀ tètè ń rí i nígbà tí ẹ̀rọ bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tí kò yẹ, tàbí tí ó yọ ọ̀pá abẹ́ ọ̀rọ̀ kúrò lára orúkọ olóògbé, nítorí ẹ̀rọ wọ̀nyí kò tíì mọ Yorùbá bí wọ́n ti mọ gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ibo ni ọ̀gá náà ti gba ojú yẹn? Nínú ọdún tí ó fi ń ṣe àṣìṣe tí ọ̀gá tirẹ̀ sì ń bá a wí ni. Bí kò bá sí ẹni tí ń ṣe àṣìṣe lórí iṣẹ́ kékeré mọ́, kò ní sí ẹni tí yóò rí àṣìṣe lára iṣẹ́ ńlá ní ogún ọdún sí i. Ogún ọdún sì ti kọjá ọdún mẹ́wàá tí olùdókòwò ṣèlérí. Ìdí nìyí tí ìpàdánù náà kò fi lè hàn nínú ìwé rẹ̀. Bí ó bá dé, àdúgbò ni yóò san án.

Ìjọba rí apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí Bósún Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá CcHUB sílẹ̀, di mínísítà ní 2023, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ète rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹni tí a kọ́ ní kíláàsì ṣì ń wá ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́ nígbà tí kò tíì mọ iṣẹ́ dáadáa, èyí tí í ṣe ohun tí ìṣirò tuntun kò fẹ́.

Kò sí ẹni tí ó lè fi agbára mú olùdókòwò fẹ́ràn òṣìṣẹ́ púpọ̀, ìtàn kò sì sọ pé ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ kó ènìyàn jọ láìnídìí. Ohun tí a lè bèèrè lọ́wọ́ wọn ni kí wọ́n ka ohun tí Fust kà ní 1455, kí wọ́n máa bi ilé-iṣẹ́ léèrè iye àwọn tí ó ń kọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń béèrè iye àwọn tí ó dá dúró. Ní ti àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ wọn kò jìnnà. Láti Akọkà dé Bajùláyé kì í ṣe ìrìn àjò. Àwọn tí ó fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé ṣì wà láàyè níbẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ti dàgbà. Àwọn tí ń fọ rólà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì kéré lọ́jọ́ orí. Ó yẹ kí ẹnì kan lọ ka iye wọn nísinsìnyí, kí ó kọ orúkọ ohun èlò àti ọ̀nà ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀, kí ó sì padà lọ kà wọ́n ní ọdún márùn-ún sí i. Bí iye àwọn ọmọ-iṣẹ́ bá dín kù nígbà tí iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, nígbà náà ni a ó mọ iye tí ìmúṣẹ́yá náà ná wa.